Ọ̀rọ̀ òmìnira 1960 fún kíláàsì tí ọmọ kò rí bákan náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Tíṣà Práímárì 5 ni mí ní Iléṣà. Ọ̀gá ilé-ìwé wa fẹ́ kí kíláàsì mi há ọ̀rọ̀ tí Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, sọ lọ́jọ́ òmìnira sórí, kí wọ́n sì kà á ní àsẹ́ńbìlì tó ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Àwọn ọmọ náà lé ní ogójì. Àwọn kan ń ka ìwé geerege, àwọn mìíràn kò tíì lè ka gbólóhùn kan já. Ọ̀kan kò gbọ́ràn dáadáa, ọ̀kan ń kólòlò, ọ̀kan sì wà tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Mo ń rò ó pé kí n mú àwọn tó mọ̀wé nìkan, kí àwọn yòókù máa ju àsíá. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀? Báwo lẹ̀yin ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Tíṣà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá fi àsíá lé lọ́wọ́ nítorí pé kò mọ̀wé yóò mọ ìdí tí ẹ fi fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀, ìyá rẹ̀ tó bá wá wòran náà yóò mọ̀. Ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn tíṣà tó bá wá bá mi ní Ifẹ̀ níbí ni pé kí gbogbo kíláàsì bá gbólóhùn kan náà wọ̀yá ìjà, kí ọ̀nà tí kálukú máa gbà mú un nìkan yàtọ̀. Mi ò ní fi odindi ọ̀rọ̀ fún ẹni tó mọ̀wé kí n wá já kélekèle fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá máa gé e, gbogbo wọn ni a máa gé e fún.

A sì gbọ́dọ̀ gé e. Ọ̀rọ̀ náà gùn fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àgbàlagbà tó ń dá aṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lóhùn níwájú àwọn àlejò pàtàkì. Ọmọ tó bá há gbogbo rẹ̀ sórí lè má mọ ohun kan nínú rẹ̀. Ẹ dá a dúró láàárín kíkà, ẹ ní kí ló ń sọ, ẹ ó rí i pé ojú yín ni yóò máa wò. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ ní gbólóhùn márùn-ún ni kíláàsì yín máa gbé jáde, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan tí kò ní sí níbẹ̀. Ẹ kọ àwọn gbólóhùn náà sórí páálí gbàgàdà kí ẹ tó lọ. Ohun tí ọ̀gá bá ti fojú rí kì í ṣòro fún wọn láti gbà.

Àwọn márùn-ún tí èmi máa mú nìyí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó fi bẹ̀rẹ̀, pé òní ni Ọjọ́ Òmìnira. Èkejì ni ibi tó ti sọ pé ara ti ń wá bù máṣọ fún ọjọ́ yìí, nítorí pé a ń wo orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn òmíràn tí wọ́n ń kọjá lára wa lójú ọ̀nà, nígbà tó kù díẹ̀ kí a débi tí à ń lọ. Ẹ̀kẹta sọ pé Nàìjíríà dúró lórí ìpìlẹ̀ tó lágbára bí ohun tí a kọ́ tó sì dára. Ẹ̀kẹrin wà níbi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ó ní a kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n bí ọ̀gá, lẹ́yìn náà bí aṣáájú, nígbẹ̀yìn bí ẹlẹgbẹ́ nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà gbogbo bí ọ̀rẹ́. Ẹ̀karùn-ún ló fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, pé òun ṣí orí tuntun nínú ìtàn Nàìjíríà, ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, àti ti gbogbo ayé pàápàá.

Ìdí tí mo fi yan àwọn wọ̀nyí ni pé ojú lè rí ohun tó wà nínú wọn. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀, ilé kan wà níbẹ̀, ìwé kan wà níbẹ̀. Ọmọ tí lẹ́tà ń dà láàmú lè rin ọ̀nà, ó lè kọ́ ilé, ó lè ṣí ìwé.

Kí ẹ tó ka nǹkan kan rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ọkùnrin náà. Tíṣà ni Balewa. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Bauchi. Ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó padà sílé láti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Bauchi, ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 láti kọ́ sí i nípa iṣẹ́ olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Inú kíláàsì ló ti kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ yín ṣe ń kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n sọ débi pé wọ́n ń pè é ní olóhùn wúrà. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń dẹ́rù bà yẹ kó gbọ́ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí. Pápá Race Course ní Èkó ni, ibi tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí. Ní ọ̀gànjọ́ òru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, wọ́n fa aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Ọmọọba Alexandra ló ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, òun ló fi ìwé òmìnira lé Balewa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí sì ni Balewa fi gbà á. Àsíá yẹn náà ní ìtàn tí ọmọdé máa ń fẹ́ràn. Taiwo Akinkunmi, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ya á. Oòrùn pupa kan wà láàárín funfun rẹ̀ nígbà tó fi ránṣẹ́, àwọn tó ṣèdájọ́ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ ní kí wọ́n ya àsíá náà bí Akinkunmi ṣe kọ́kọ́ yà á, kí wọ́n sì sọ èyí tó wù wọ́n jù. Iṣẹ́ yìí kò bèèrè ìwé kíkà, àríyànjiyàn tó máa tìdí rẹ̀ jáde kò sì ní kéré.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ: kí kálukú lọ bi àgbàlagbà kan ní àdúgbò nípa ọjọ́ òmìnira. Ẹni tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, wọ́n ṣì wà káàkiri Iléṣà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 gbé wọ ilé-ìwé. Ọmọ tí kò lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ máa fi ẹnu mú ìròyìn wá, ìròyìn rẹ̀ sì lè dára ju ti ẹni tó kọ ojú ìwé kan. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ló máa ń jókòó ti ìyá àgbà pẹ́ jù.

Wàyí o, èdè wo lẹ máa fi kọ́ ọ? Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá yín fẹ́ gbọ́ ní àsẹ́ńbìlì, wọn á sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí ẹ fi wọlé. Kì í ṣe ìfẹ́ èdè lásán ló ń jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà àtijọ́, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà nínú rẹ̀. Ilé-ìwé náà kò jìnnà sí yín rárá, síbẹ̀ àwọn tíṣà tó ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì kò tíì tán lágbègbè wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Ìjẹ̀ṣà ilé rẹ̀ sọ ohun tó yé e. Bí ìtumọ̀ bá ti wà nílẹ̀, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì máa jókòó sí ti wà nìyẹn.

Gbólóhùn kejì ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù, nítorí òun ló le jù, òun ló sì dùn jù láti fi kọ́ wọn. Ẹ fi ẹfun fa ọ̀nà gígùn kan sí ilẹ̀ pápá. Ẹ ya páálí, ẹ kọ orúkọ orílẹ̀-èdè méje sí i gàdàgbà-gàdàgbà, kí ọmọ méje gbé e kọ́rùn: Gánà, Kamẹrúùnù, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ (tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà), Niger, Ṣáàdì àti Nàìjíríà. Kí gbogbo wọn tò sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà. Ẹ̀yin á wá máa pe ọjọ́ ní ohùn rara. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1957, Gánà á rìn lọ sí òpin ọ̀nà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1960, Kamẹrúùnù. Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, Tógò. Nígbà tó bá kan oṣù kẹjọ, ẹ máa pè é léra léra: Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, Niger ní ọjọ́ kẹta, Ṣáàdì ní ọjọ́ 11. Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. Rírìn ni mo sọ o, kì í ṣe sísáré, kí ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn lè wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹsẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa ṣáájú.

Ọmọ yín tí ìdí rẹ̀ kì í gbélẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó máa mọ ìmọ̀lára gbólóhùn yẹn jù ú lọ. Bẹ̀nẹ̀ á kọjá lára rẹ̀, Niger á kọjá, á máa ti ẹsẹ̀ kan bọ orí èkejì, á máa wo ẹnu yín, á ní, “Mà, ó kù ta ni?” Ẹ má dá a lóhùn kíákíá. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é nínú. Ohunkóhun tó bá sọ, bó jẹ́ “inú ń bí mi” tàbí “wọ́n ti rẹ́ mi jẹ”, ni kí ẹ kọ sórí bọ́ọ̀dù bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá kó tó rìn. Ìgbà tí wọ́n bá padà wọ kíláàsì ni kí ẹ tó ṣí gbólóhùn Balewa sílẹ̀. Ẹ ò ní ṣàlàyé púpọ̀ mọ́. Ẹ ó tún ti fi ọ̀nà yẹn kọ́ wọn pé gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá wa pààlà ló gba òmìnira ṣáájú wa lọ́dún kan náà, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀.

Ọmọ kan á béèrè pé kí ló fà á tí a fi pẹ́. Ẹ fún un ní òótọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1953, Anthony Enahoro dábàá ní ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò gbà, wọ́n ní kó jẹ́ ìgbà tó bá ti ṣeé ṣe. Balewa gan-an wà lára àwọn tó ní kí a má kánjú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń rí. Mi ò rí ìdí tí a fi máa fi pamọ́ fún ọmọ Práímárì 5.

Gbólóhùn kẹta àti ẹ̀karùn-ún kò gba wàhálà. Kí wọ́n to agolo mílíìkì lórí iyanrìn àti lórí pákó, kí wọ́n wo èyí tó máa kọ́kọ́ wó. Kí kálukú ṣí ìwé àjákọ tuntun, kó ya ohun kan tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí Iléṣà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀karùn-ún ní kókó kan: ṣáájú kó tó ní òun ṣí orí tuntun, Balewa wí pé kí Ọlọ́run dá Ọbabìnrin sí. Wọ́n á bi yín pé, “Ọbabìnrin wo, ṣebí a ti gbòmìnira?” Ẹ sọ fún wọn pé Ọbabìnrin Elizabeth ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1963, kí a tó ní ààrẹ tiwa.

Ẹ̀kẹrin ni kí ẹ fi lílé àti ègbè ṣe. Àwọn ọmọ wa ti mọ ìyẹn láti inú àlọ́. Ẹ̀yin á lé: “A kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n bí?” Wọ́n á gbè é: “Ọ̀gá!” “Lẹ́yìn náà bí?” “Aṣáájú!” “Nígbẹ̀yìn bí?” “Ẹlẹgbẹ́!” “Nígbà gbogbo bí?” “Ọ̀rẹ́!” Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣe ọwọ́ tirẹ̀: ìka tó ń pàṣẹ láti òkè, ọwọ́ tó ń ṣíwájú, apá méjì tó jọ gbé ẹrù, ọwọ́ tí a bọ̀. Ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, kí ìṣe ọwọ́ má yí padà. Ìṣe ọwọ́ yẹn ló máa gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wá sórí ahọ́n ẹni tí kò lè kà á.

Ó wá kan ọmọ yín tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ jẹ́ kó jókòó síwájú, kí etí tó sàn jù kọjú sí yín, kó jìnnà sí fèrèsé tí ọ̀kadà ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ má dúró kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, torí ojú yín á ṣókùnkùn, kò sì ní rí ètè yín. Ẹ má kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù kí ẹ tún máa sọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀dù náà. Ẹ kọ ọ́ tán, ẹ yíjú, kí ẹ tó sọ ọ́. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ariwo máa ń ba bí ètè ṣe ń ṣí jẹ́, ó sì ń dójú ti ọmọ. Ohùn déédéé, díẹ̀ díẹ̀, tó. Fídíò Balewa lọ́jọ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; bí àwọn yòókù bá ń gbọ́ ohùn, kí òun ní gbólóhùn náà lọ́wọ́ lórí páálí, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n dé.

Bó bá mọ èdè ọwọ́ àwọn adití, òun ni kó kọ́ gbogbo kíláàsì ní ti gbólóhùn márùn-ún náà. Ẹ má fi ìṣe ọwọ́ tí ẹ̀yin dá sílẹ̀ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bi òun, ẹ bi àwọn òbí rẹ̀, tàbí tíṣà tó ń kọ́ àwọn adití. (Ẹ lè sọ èyí fún wọn pẹ̀lú: Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960 kan náà yìí.) Bí kò bá mọ èdè ọwọ́, a jẹ́ pé òun ló máa ṣíwájú nínú ìṣe ọwọ́ gbólóhùn kẹrin. Kí gbogbo kíláàsì máa wo òun, dípò kí òun máa wá ojú kiri láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn tí kò lè ka gbólóhùn kan já, ẹ má tíì pè wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ojú àti etí wọn. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń fún ojú pọ̀, tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tó ń dáhùn nígbà tó bá rí yín tí kì í dáhùn nígbà tó bá kọ̀yìn. Ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí yín. Àwọn mìíràn wà tí ojú wọn dá ṣáká, ọpọlọ wọn jí pépé, síbẹ̀ b àti d ń yí mọ́ wọn lójú, tí wọ́n sì lè mọ ọ̀rọ̀ kan ní òkè ojú ewé kí wọ́n má dá a mọ̀ nísàlẹ̀. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ayé, ẹgba kì í sì í wò ó.

Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò wọ́n. Gbólóhùn kan sí páálí kan. Lẹ́tà ńlá tó dúró gbọnrangandan, àlàfo tó fẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ gbogbo rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ máa ń pàdánù ìrísí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ máa fi bo ìlà ìsàlẹ̀ nígbà tó bá ń ka tòkè. Ẹ kà á, kí gbogbo kíláàsì bá yín kà á, kí méjì-méjì kà á, kí ẹni tó bá fẹ́ dá kà á tó dá kà á. Ẹ má ṣe dárúkọ ọmọ tí kò lè kàwé kí ẹ ní kó dìde kà fún kíláàsì láìròtẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ìyẹn ń kọ́ ọmọ ju kó máa wá ọ̀nà àtilọ tọ̀ nígbà tó bá kan kíkà.

Ẹ ka gbólóhùn márààrún sínú fóònù yín, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí. Ní kíláàsì, bí ẹ kò bá ní sípíkà, ẹ gbé fóònù náà sínú abọ́ ike tó ṣófo, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ àwọn ọmọ. Ohùn rẹ̀ á ròkè dé ìjókòó ẹ̀yìn. Ìgbà tí ọmọ bá ti gbọ́ gbólóhùn náà débi tí kò ṣàjèjì sí i mọ́ ni kí ẹ tó gbé lẹ́tà rẹ̀ síwájú rẹ̀. Á wá máa dá ohun tó ti mọ̀ mọ̀, iṣẹ́ náà á sì dín kù sí ìdajì.

Ti akólòlò rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, bí àwọn àgbà bá gbà. Ọ̀pọ̀ akólòlò kì í kólòlò nígbà tí wọ́n bá ń bá ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Nítorí náà, ègbè gbólóhùn kẹrin máa dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan síwájú, ẹ fi ọ̀rẹ́ kan tì í kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bó bá ní òun fẹ́ dá a sọ, ẹ jẹ́ kó dá a sọ, kí gbogbo ilé-ìwé sì dúró dè é. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má sọ fún un pé kó mí kanlẹ̀, kó rọra, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo ti ẹlòmíràn títí tó fi máa sọ ọ́ tán. Ẹ bá àwọn ọmọ kíláàsì sọ èyí nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀, ẹ sì bá àwọn tíṣà náà sọ ọ́. Ní tèmi, àwọn tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń kàwé geerege. Àwọn náà ní àìní tiwọn: ohun tí à ń fún wọn rọrùn jù, wọ́n á wá sọ ara wọn di alárìnfín kíláàsì. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1960, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú tiwa, Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Ọba Baudouin sọ̀rọ̀, ó yin iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Patrice Lumumba, olórí ìjọba tuntun, dìde níṣojú ọba náà, ó ka èébú, lílù àti iṣẹ́ ipá tí wọ́n fi jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ níyà. Balewa ní tirẹ̀ pe àwọn amúnisìn ní ọ̀rẹ́. Kí àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ ìdí tí ọkùnrin méjì fi lè sọ irú ọ̀rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà, kí wọ́n sì sọ ẹni tí wọ́n máa fẹ́ jẹ́. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa máàkì. Mo fẹ́ràn kí ẹ̀gbẹ́ méjì kojú ara wọn níwájú kíláàsì, ní Yorùbá, kí gbogbo àwọn yòókù jẹ́ adájọ́, àwọn tí kò mọ̀wé kà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tó lágbára yẹn náà ń bọ̀ wá di ìbéèrè. Balewa ní ó dá òun lójú pé ìtàn máa fi hàn pé a kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu. Ní oṣù kìíní 1966, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ gbàjọba, wọ́n sì pa á. Ní oṣù keje 1967, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíṣà kan ní kí a má sọ ìyẹn fún ọmọdé. Èmi ní kí ẹ sọ ọ́, ní gbólóhùn méjì, láìsọ bí ìbọn ṣe dún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gbé Nàìjíríà òde òní ti mọ̀ pé nǹkan kò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ohun tó ń fẹ́ gbọ́ ni pé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kò purọ́, ìrètí ló ń sọ.

Láti mọ̀ bóyá ó yé wọn, ẹ má fi kíkà lórí dán wọn wò. Ẹ ya àwòrán márùn-ún, ọ̀kan fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ dà wọ́n pọ̀ kí ọmọ tò ó bó ṣe yẹ. Ẹ ní kó fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan fún àbúrò rẹ̀ ní Práímárì 2, kí ẹ sì lọ bi àbúrò náà léèrè ohun tó gbọ́. Ẹni tó bá lè kọ ọ́, kó kọ ọ́. Máàkì kan náà ni gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí.

Fún àsẹ́ńbìlì, ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Today is Independence Day.” Kí àwọn méje gbé páálí wọn kọ́rùn, kí wọ́n rìn ín bí ẹnì méjì ṣe ń sọ gbólóhùn kejì. Agolo fún ẹ̀kẹta, lílé àti ègbè fún ẹ̀kẹrin, ìwé tuntun tí gbogbo wọn jọ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹ̀karùn-ún. Àsíá wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí ó máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, kí ẹni tó mọ̀wé jù náà di í mú. Ẹ lo ọjọ́ méjì ṣáájú láti gbìdánwò ní pápá gan-an pẹ̀lú maikirófóònù àti sípíkà títàn, torí ọmọ tí ariwo ń dà láàmú yẹ kó ti mọ ariwo náà kó tó di ọjọ́ ọ̀hún. Ẹ má tò ó sẹ́bàá sípíkà. Ẹ sọ fún un ibi tó lè lọ dúró bó bá pọ̀ jù fún un àti ọmọ kíláàsì tó máa bá a lọ, kí ẹ sì sọ fún tíṣà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kó má lé wọn padà sórí ìlà.